Èéfín Inú Agolo

Èéfín tó sọ ọkọ Aránṣọ di ẹlẹ́wọ̀n kò jáde láti ojú fèrèsé kankan. Inú agolo tí mo fi ń fọ fíìmù ní balùwẹ̀ mi ló ti jáde, èmi ni mo sì ṣe é. Mo kọ ọ́ síwájú bẹ́ẹ̀ kí n má baà rí àyè yí i po. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi kọjá òjò tó ń bọ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí n kò bá sọ ọ́ báyìí, kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tí yóò sọ ọ́.

N kò kàwé púpọ̀. Ìwé pélébé kan tó wà nínú páálí kámẹ́rà àlòkù ni mo fi kọ́ iṣẹ́ fíìmù fífọ̀, mo kà á títí ó fi ya. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ni wọ́n máa ń rẹ́ni jẹ, ojú mi ti rí i lọ́dọ̀ ọkọ tí mo kọ́kọ́ fẹ́. Àmọ́ ẹ ó rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ dídùn kan ṣoṣo tí èmi náà sọ láyé mi, òun ni mo fi ba ayé ẹnìkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí wà. Fíìmù dúdú-àti-funfun, inú òkùnkùn lo ti máa ká a mọ́ kẹ̀kẹ́ ike kékeré kan. O máa ki kẹ̀kẹ́ náà bọ inú agolo dúdú tó ní ìdérí, o máa wá da oògùn sí i. Oògùn yìí ló ń mú àwòrán jáde. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán máa ń rẹ̀, a sì máa di ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí, tí yóò máa rọra ṣàn lọ sísàlẹ̀ lára fíìmù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù nínú àwòrán, bí ògiri funfun tàbí aṣọ funfun, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti máa ń pọ̀ jù, ibi tó bá sì ṣàn gbà á di ọ̀já dúdú nínú fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí agolo. Ìwé pélébé mi sọ pé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kí n dojú agolo délẹ̀ kí n sì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin, kí n gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tábìlì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí n wá gbé e kalẹ̀ títí ìṣẹ́jú mìíràn yóò fi pé. Àwọn kan ní igi kékeré tí wọ́n ń fi yí kẹ̀kẹ́ náà láti òkè. Àwọn kan ń mì ín jìgìjìgì bí ìgò oògùn ikọ́, ìyẹn náà kò dára, etí fíìmù ni yóò fi hàn wọ́n. Tèmi ni ìdojúdé mẹ́rin. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, fíìmù ẹnikẹ́ni kò bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin tó ni ilé fọ́tò ńlá lójú títì ń pè mí ní Ìyá Balùwẹ̀. Tí mo bá ń kọjá, ọ̀kan á ní, "Ìyá Balùwẹ̀, ṣé ẹ ti wẹ̀ fún fíìmù lónìí?" Èkejì á ní, "Ẹ má gbàgbé kànrìnkàn o." N kì í dá wọn lóhùn. Fọ́tò mi ló ń dá wọn lóhùn, torí ó mọ́ ju tiwọn lọ, àwọn oníbàárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ohun tí mo ní nìyẹn. N kò ní ọmọ, n kò ní ilé. Mo ní orúkọ pé ọwọ́ mi kì í ṣì í.

Ògiri kan ló wà láàárín yàrá èmi àti Aránṣọ. Tó bá ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ife omi orí tábìlì mi á máa gbọ̀n. Tó bá ń wá mi, sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ ló fi máa ń kan ògiri. Ọkọ rẹ̀ ni olùtọ́jú sítọ̀ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ń kó àpò òwú jọ títí dé òrùlé. Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wa ń pè é, torí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń wà ní ìdí rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti ilẹ̀kùn tán, á fa àgádágodo náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó tì í rárá, á ki orí bọ inú ilé, á ké lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Kódà nílé, ó máa ń ṣe é. Aránṣọ á ní, "Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ìyàwó ẹ. Àbí o fẹ́ tì mí mọ́lé kó o lọ fẹ́ òmíì?" Èmi náà á ní, "Bọ̀dá Kọ́kọ́rọ́ ò lè fẹ́ òmíì láìjẹ́ pé a gbọ́ ọ. Woroworo ìdí wọn á ti tú wọn fó." Á rẹ́rìn-ín, á fa àgádágodo, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́dún tí iná jó sítọ̀ọ̀ ọkọ Aránṣọ, ọkùnrin tó ń ta oògùn fíìmù fún mi sọ̀rọ̀ ọ̀nà kan tí kò gba wàhálà. Ó ní kí n fi omi la oògùn náà kó ṣàn gan-an, kí n yí agolo díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí n gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. "Tó bá di ìdajì wákàtí, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ lè lọ sùn." Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rò pé àwọn tó ń ṣe é láìyí i ò gbọ́n ni?" Ó yẹ kí n kọ́kọ́ dán an wò lára fíìmù ara mi. Fíìmù oníbàárà ni mo fi dán an wò. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kò dára. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ iná náà ṣe rí nìyí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, máníjà ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, ó ní òun fẹ́ ya gbogbo òṣìṣẹ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n tò sí iwájú sítọ̀ọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ wọn tó dúdú. Wọ́n tún ya fọ́tò mìíràn káàkiri ọgbà. Ní agogo márùn-ún, iṣẹ́ parí, Kọ́kọ́rọ́ ti sítọ̀ọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, sítọ̀ọ̀ ti ń jó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di ẹrù wà nínú rẹ̀. Ibà ló mú un, ó ti lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpò òwú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi nígbà tí iná kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, akọ̀wé máníjà mú fíìmù náà wá fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ bá àwọn fọ̀ ọ́ lónìí. Èyí tí gbogbo wa jọ yà ni wọ́n ń wá. Olóògbé wà nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan." Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ká a sínú agolo, mo la oògùn, mo yí i díẹ̀, mo gbé e sí etí ìwẹ̀, mo wo aago. Ìdajì wákàtí, n ó padà wá yí i. Bí mo ṣe ń nu ọwọ́, mo gbọ́ sísọ́ọ̀sì lára ògiri.

Aṣọ tí mo fún Aránṣọ rán ni ó ní kí n wá wọ̀ wò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ. Kò fẹ́ dá wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni. Kọ́kọ́rọ́ jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ àná, òórùn iná ṣì ń jáde lára rẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, ìyá aláwòrán. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo ní, "Bọ̀dá, gbogbo wa mọ̀ pé ẹ pè é."

"Bóyá ó yẹ kí n ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin."

Aránṣọ ní, "Ẹni tí ibà ti mú sùn lọ, kódà kí o pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ìwọ, dúró dáadáa kí n fi abẹ́rẹ́ há ìdí aṣọ yìí, o ti sanra."

Mo dúró dáadáa. Mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìn náà, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ. Nígbà tí mo rántí agolo, wákàtí kan àtààbọ̀ ti kọjá. N kò yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ìgbà tí mo wà nínú yàrá ọkùnrin yẹn tí mo ń tù ú nínú, ìgbà yẹn gan-an ni ohun tó máa jẹ ẹ́ run ń ṣàn wálẹ̀ lára fíìmù nínú balùwẹ̀ mi.

Nígbà tí mo fa fíìmù náà jáde tí mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Orí àwòrán ló kọjú sísàlẹ̀ nínú agolo, nítorí náà, gbogbo ìdọ̀tí ṣàn gba apá orí. Tí o bá wá dá àwòrán náà dúró bó ṣe yẹ, ohun gbogbo tó funfun nínú rẹ̀ ló ń yọ ọ̀já dúdú kan tó ń gòkè lọ. Máníjà dúró níbi géètì pẹ̀lú fìlà funfun, èéfín ń jáde lórí fìlà rẹ̀. Ajá funfun tó ń ṣọ́ ọgbà nà gbalaja sílẹ̀, èéfín ń yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń jóná, kò sì mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà pé mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo mọ̀ pé orúkọ mi ti bàjẹ́. Nínú fọ́tò tí gbogbo wọn jọ yà, aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn wọn, nítorí náà kò hàn lára ẹnikẹ́ni. Ibi kan ṣoṣo tó ti hàn ni fèrèsé irin sítọ̀ọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta sí. Láti ibẹ̀, ọ̀já dúdú kan gun ògiri lọ sókè.

Mo tẹ fọ́tò yẹn nìkan. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Máníjà gbé e sún mọ́ ojú. Akọ̀wé tẹ orí bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹ wo èéfín."

Máníjà ní, "Agogo mẹ́rin lèyí o."

"Ẹ tún wo Kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá. Ibẹ̀ ló kọjú sí."

Òtítọ́ ni. Gbogbo èèyàn ló ń wo kámẹ́rà, Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yí orí sẹ́yìn. Àgádágodo rẹ̀ ló ń wò, ó máa ń wò ó nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ó dà bíi pé èéfín ló ń wò.

Mo dúró níbẹ̀. Gbólóhùn kan ló kù kí n sọ: "Èyí kì í ṣe èéfín, iṣẹ́ mi ló bàjẹ́." Ẹ mọ ohun tí mo rò? Ara tù mí. Ara tù mí pé wọn kò rí i pé iṣẹ́ mi bàjẹ́. Máníjà ní, "Ẹ ṣeun, ìyá, iṣẹ́ yín mọ́ gan-an," mo sì dáhùn pé kò tọ́pẹ́. Mo rìn jáde bí ẹni tó sá mọ́ òjò lọ́wọ́.

Ọlọ́pàá wá mú Kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ó rí iná, ó bẹ̀rù ìbínú ọ̀gá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó lọ sílé. Mo ní nínú ara mi pé wọn yóò tú u sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè fi fọ́tò kan ṣoṣo dá èèyàn lẹ́bi. Irọ́ tí mo pa fún ara mi nìyẹn, mo sì pa á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Aránṣọ wọlé tọ̀ mí wá láìkan ògiri. Teepu ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń rò ó. Fíìmù yẹn, ṣé fọ́tò míì wà lórí ẹ̀?"

Mo ní, "Bíi ti kí nìyẹn?"

"Èyíkéyìí. Tí wọ́n bá ya òmíì tẹ̀lé e, tí fèrèsé yẹn tún hàn níbẹ̀, a lè wò ó bóyá èéfín wà. Lọ́yà ní kí n béèrè. Ọkọ mi ní òun ò rí nǹkan kan, mo sì gbà á gbọ́. O ò gbà á gbọ́ ni?"

"Mo gbà á gbọ́."

"Ó dáa. Wá a fún mi."

Fọ́tò mọ́kànlá ló kù lórí fíìmù náà. Inú agolo bisikíìtì ni wọ́n wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó lé. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé fìlà máníjà tó ń rú èéfín síwájú adájọ́, gbogbo kóòtù ni yóò rẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà yóò sì wá sílé jẹun alẹ́. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Ìmọ́lẹ̀ ti wọ inú àwọn yòókù. Wọ́n ti dúdú tán. Mo ti dà wọ́n nù."

Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ó mi orí. Ó ní, "O ṣeun. Mo mọ̀ pé tó bá wà, o ò ní fi pa mọ́ fún mi."

Nígbà tó jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa agolo bisikíìtì náà jáde, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíìmù kì í rọrùn láti gé wẹ́wẹ́, ó máa ń ta dànù. Mo ṣa wọ́n lórí ilẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ Aránṣọ lára ògiri ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń gé e, torí pé ó ní aṣọ oníbàárà tó gbọ́dọ̀ parí. Ìyẹn ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò tó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí n búra fún un. Fọ́tò ajá yẹn nìkan ni n kò gé. N kò mọ ìdí. Ó wà láàárín ojú ewé ìwé tí mo ń kọ yìí.

Ní kóòtù, lọ́yà ìjọba gbé fọ́tò náà sókè, ó bi mí bóyá bó ṣe jáde nìyí. Mo ti búra. Mo ní, "N kò fi nǹkan kan kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀." Ẹ wo bó ṣe dùn létí. Mo ti rò ó sílẹ̀ láti ilé. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́yà Kọ́kọ́rọ́ kò bi mí ní nǹkan kan, kò mọ ohun tí ì bá bi mí. Àwọn ọkùnrin ilé fọ́tò ńlá tí ì bá dá àmì yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Wọ́n wá gbé fọ́tò náà fún Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Adájọ́ bi í bóyá òun ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ni. "Kí lo ń wò?" Mo retí kó sọ pé àgádágodo. Ó tún wo fọ́tò náà. Ó ní, "Olúwa mi, n kò rántí pé mo rí èéfín. Àmọ́ ó wà níbí, èmi náà sì ń wò ó. Ó ní láti jẹ́ pé mo rí i." Ohùn rẹ̀ kò ga. Aránṣọ dìde láàárín èrò, ó tún jókòó. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún un.

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ fíìmù nílé lónìí tí ẹ ń fi fóònù ka ìṣẹ́jú, mo mọ̀ pé ọ̀nà ìdúró yẹn, tí a kì í yí agolo, ń ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn. N kò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé agolo tí mo gbàgbé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ǹ bá fi ṣàlàyé rẹ̀. Gbólóhùn tí mo gbé mì ni n kò rí ṣàtúnṣe rẹ̀ títí di òní. Tí iṣẹ́ yín bá bàjẹ́, ẹ sọ pé ó bàjẹ́. N kò bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì. Ẹni tí ǹ bá bẹ̀ ti kú, èyí tó sì wà láàyè, n kò lójú tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́.

Aránṣọ ló ń tọ́jú mi. Ó ń gbé omi gbígbóná wá láràárọ̀, ó ń fọ ẹsẹ̀ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó ń gé èékánná mi, ó sì ṣàdédé sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, èyí tí kì í ṣe. Ó ní nígbà tó ti ẹ̀wọ̀n dé, ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Kọ́kọ́rọ́ kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́. Ẹní ló tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí, yálà òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀, ó sì ń dìde ṣáá láti gbóòórùn bóyá nǹkan ń jó. Mo mọ ìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi fún ọdún mọ́kànlá. Ohun tí n kò mọ̀ ni èyí tó sọ tẹ̀lé e. Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òun ti gbà gbọ́ pé kò rí èéfín, ìyẹn ọjọ́ tí òun wá bá mi. Nígbà tí mo ní fọ́tò mìíràn kò sí, òun lọ sílé, òun sì rò ó, òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ó rí i. Láti ìgbà yẹn, òun kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun mọ́. Nígbà tó fẹ́ kú, ó sọ fún òun pé, "Ìyàwó mi, dárí jì mí, mo rí èéfín yẹn, mo sì ti ilẹ̀kùn." Aránṣọ ní òun gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní òun fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ òun ronú nípa ìyá ọmọ tó jóná, òun sì dákẹ́, nígbà tí òun fi máa yí ojú padà, ó ti lọ.

Ó gé èékánná tó kù, ó gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ó ní, "Ṣé mo ṣe dáadáa tí mi ò dá a lóhùn?"

Mo ní, "O ṣe dáadáa."